Ohùn Láti Èrìò: Ètò Àkànṣe Lórí Bọ́lá Àrẹ

[Ìlù àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ wọlé. Wọ́n rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí asọ̀tàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀.]

ASỌ̀TÀN: Lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1954, ìwé òfin tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì di Olórí Ìjọba àkọ́kọ́ fún Ẹkùn Ìwọ̀-oòrùn ní Ìbàdàn. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, ní Èrìò, láàárín àwọn òkè Èkìtì, wọ́n bí ọmọbìnrin kan. Kò sí oníwèé ìròyìn tó gbọ́. Ọmọ náà la wá mọ̀ sí Bọ́lá Àrẹ, akọrin ìyìnrere.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́fà, Nàìjíríà gba òmìnira lọ́jọ́ kìíní oṣù kẹwàá. Nígbà tó di 1996, ọjọ́ yìí náà ni ìjọba kéde Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Ẹni tó bá fẹ́ kí Màmá kú oríire ọjọ́ ìbí kò ní láti ránṣẹ́ béèrè ọjọ́ rárá. Ìjọba ti bá wọn sọ ọ́ di ọlidé.

[Ìlù sókè, ó rẹlẹ̀.]

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ apá ibẹ̀, ẹ mọ̀ pé abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni Èrìò wà, Àrámọ̀kọ sì ni olú ìlú rẹ̀. Ìkọ́gòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé, kò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè náà kò jìnnà. Ẹ fi Ẹ̀fọ̀n yẹn sọ́kàn, torí ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ohùn Bọ́lá Àrẹ ti ṣẹ̀ wá, Ẹ̀fọ̀n ni yóò kọ́kọ́ yà sí.

Ní ọdún 1904 ni wọ́n bí ìránṣẹ́ Ọlọ́run, Joseph Ayọ̀ Babalọlá, sí Odò-Ọwá, tó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí. Iṣẹ́ gọ́fúmẹ́ǹtì ni wọ́n ń ṣe: àwọn ló ń wa ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n fi ń tẹ ojú títì. Ní oṣù kẹwàá 1928, lójú ọ̀nà tó lọ láti Iléṣà sí Àkúrẹ́, ẹ̀rọ náà kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ní àwọn ti gbọ́ ohùn tó pe àwọn. Bí iṣẹ́ gọ́fúmẹ́ǹtì ṣe tán nìyẹn. Ìsọjí tó bẹ́ sílẹ̀ ní Òkè-Òòye, ní Iléṣà, ní 1930 wọ Èkìtì bí iná inú ọyẹ́. Ẹ̀fọ̀n gba ìránṣẹ́ Ọlọ́run náà mọ́ra. Nígbà tí wọ́n sì kú ní oṣù keje 1959, Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n gbé wọn wá sin. Bọ́lá kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà.

Ìjọ tó ti inú ìsọjí yẹn jáde ni Christ Apostolic Church, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Sí Éè Sí. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ níbi orin wọn, torí ibẹ̀ ni ohùn Bọ́lá Àrẹ ti ṣẹ̀ wá.

[Àtẹ́wọ́ àwùjọ. Obìnrin kan gbé orin, àwùjọ ń gbè é.]

Ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tí òyìnbó dá sílẹ̀, ìwé orin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé lé wa lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n ohùn orin ti Ìlú Ọba ni. Níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ti lọ sókè, orin á fà á wálẹ̀, ìtumọ̀ á sì dàrú. Tipẹ́tipẹ́ làwọn ọmọ Yorùbá ti ń wá ojútùú sí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì lọ ṣe àwo orin ìyìn ní èdè Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀n ní 1922. Ṣùgbọ́n níbi ìṣọ́ òru àwọn aládùúrà, kò sẹ́ni tó jókòó ro ọ̀rọ̀ yìí rárá. Ìyá kan á gbé orin látinú àdúrà, àwùjọ á gbè é, àdúrà á tún já wọ àárín orin. Bí ohùn bá fẹ́ rẹ àwọn tó ń gbàdúrà, orin ni yóò gbé wọn dìde. Orin àti àdúrà kò ní ààlà níbẹ̀.

Èrò tèmi ni pé àwọn obìnrin Èkìtì ti mọ iṣẹ́ yìí kí aládùúrà tó dé. Ẹni tó bá ti gbọ́ orin alámọ̀ rí mọ ohun tí mò ń sọ: obìnrin kan á dá a, ohùn rẹ̀ á máa yí bí ọ̀rọ̀ ṣe ń yí, àwọn tó kù á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìyá wọ̀nyí gbàgbọ́, wọn kò fi ọ̀nà ọ̀fun sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

[Ìdánudúró. Gìtá àti gángan wọlé.]

Ní 1973 ni Bọ́lá Àrẹ gbájú mọ́ orin kíkọ. Ní 1977 wọ́n kó ẹgbẹ́ tiwọn jọ, àwo Bàbá Kú Iṣẹ́ sì jáde. Ẹ ronú sí ọdún yẹn ná. Èkó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àlejò gbogbo aláwọ̀ dúdú níbi àjọ̀dún FESTAC. Níbi tí wọ́n ti ń ta àwo, Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ló gba iwájú, Àyìndé Barrister ń fi fújì lé wọn lẹ́yìn. Obìnrin tó ń kí Ọlọ́run kú iṣẹ́ bí ẹní kí bàbá rẹ̀ lóko, tó sì ní kí wọ́n bá òun ta àwo òun láàárín wọn, ní láti ní àyà.

Wọ́n tà á. Ìdí rẹ̀, lójú tèmi, ni pé àwo Bọ́lá Àrẹ kì í fẹ́ kéèyàn jókòó kó máa gbọ́. Ó fẹ́ kó dáhùn. Ẹni tó ń lọ ata nínú ilé, tó sì gbọ́ orin náà láti ilé kejì, á bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àmín.

Eré orí ìtàgé náà wà nínú ẹ̀. Hubert Ògúndé gan-an, eré ṣọ́ọ̀ṣì ló kọ́kọ́ gbé jáde ní Èkó ní 1944, lórí ọgbà Édẹ́nì. Bọ́lá Àrẹ kò sọ ìtàgé di iṣẹ́, àmọ́ ẹ tẹ́tí sí ohùn wọn dáadáa. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ bí oníwàásù, wọ́n á di ẹni tó ń sunkún, wọ́n á sì bá ọ̀tá wí bí ẹni pé ó dúró síwájú wọn. Àwọn elégbè ni ìlú tó ń wòran.

Ọ̀nà yẹn ni àwọn tó kẹ́yìn wọn gbà. Tọ́pẹ́ Àlàbí, tí wọ́n bí ní 1970, ti inú fíìmù bọ́ sínú orin ìyìn, ó sì mú àwọn méjèèjì dání. Dúnní Ọláńrewájú náà dé. Ní ti Màmá fúnra wọn, yunifásítì kan ní Kalifọ́níà, ní Amẹ́ríkà, fi oyè ọ̀mọ̀wé nínú orin dá wọn lọ́lá ní 1985, wọ́n sì ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn akọrin ìyìnrere Nàìjíríà rí. Oyè dára. Ṣùgbọ́n ìpò ààrẹ yẹn ló wú mi lórí jù, torí àwọn akọrin kì í rọrùn-ún darí.

[Gìtá rẹlẹ̀.]

Ọ̀rọ̀ kan ló kù, ẹ̀yin ará Èrìò, Ẹ̀fọ̀n, Àrámọ̀kọ àti Ìjerò ni mo sì ń bá sọ ọ́. Àwọn àwo rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà yẹn ti ń ṣọ̀wọ́n. Bí ọ̀kan bá wà nínú àpótí Bàbá tàbí lábẹ́ ibùsùn Màmá Àgbà, ẹ má tò wọ́n léra wọn, ẹ nà wọ́n ró. Ẹ gbé wọn kúrò lóòrùn, torí ooru máa ń ká wọn kò. Ẹ má sì tà wọ́n fún àwọn tó ń ra àlòkù kiri. Ẹ gbé wọn wá síbí, a ó dà wọ́n sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó sì gba àwo yín padà lọ́jọ́ náà.

[Orin sókè.]