Ọmọdé Tí Ojú Rẹ̀ Rí Ìjà

   

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá nínú Ìbàdàn yìí. Gbólóhùn asọ̀ lásán ló di ìjà Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná, ìjọba sì ti ọjà pa. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, a máa ń ka ilé tó jóná. Ọmọ tó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sá, ta ní ń kà á?

Kì í ṣe ti Ṣáṣá nìkan. Ní Òjé níbí, ní Bẹẹrẹ, ní Ọjà'ba, bí àwọn ọmọ ìta bá fa ọ̀bẹ yọ síra wọn, ojú fèrèsé ni àwọn ọmọ wa ti ń wò ó. Ti òmíràn ò tilẹ̀ dé ìta. Inú yàrá ni bàbá ti ń lu ìyá. A ó wá ní, "Ọmọdé ni, yóò gbàgbé." Kò gbàgbé o! Ọmọ tó ti jáwọ́ nínú títọ̀ sórí ẹní yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn á dún gbàà, á ta gìrì. Ní ilé kéú, ohun tó ti há sórí á fò lọ, áfáà á sì na ọwọ́ sí pàsán. Ẹ̀yin áfáà ẹlẹgbẹ́ wa, ibí yìí ló kàn wá jù. Ohun tí ẹ̀rù lé kúrò lórí ọmọ, pàsán ò lè dá a padà.

Abu Umayr, àbúrò Anas, ní ẹyẹ kékeré kan tó fi ń ṣeré ní Mẹdínà. Ẹyẹ náà kú. Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, rí i pé inú ọmọ náà bàjẹ́, ó sì fi àwàdà jẹ́jẹ́ bi í léèrè ẹyẹ rẹ̀. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, tí ọ̀ràn gbogbo ìlú wà lọ́rùn rẹ̀! Bí ti ẹyẹ bá tó bẹ́ẹ̀, ti ọmọ tó rí ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Ohun tí a bẹ̀rẹ̀ ní àdúgbò wa kò gba owó. Lẹ́yìn ìrun Ásárì, ìyá aláṣàlátù méjì a máa jókòó ti àwọn ọmọ níwájú mọ́ṣáláṣí. Wọn kì í fi ipá bi ọmọ ní ohun tó rí. Wọ́n á jẹ́ kó ṣeré, kó fi èédú yàwòrán. Bó bá sọ̀rọ̀, wọn ò ní pa á lẹ́nu mọ́. Àwọn kan ní eré lásán ni. Eré ni lóòótọ́, òun sì ni ọmọdé fi ń sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ ò lè gbé. Bó bá pẹ́ tí ọmọ ò rí oorun sùn, ẹ gbé e lọ sí UCH, kò jìnnà sí Òjé. Àwọn dókítà tó ń tọ́jú ọkàn ọmọdé wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní wèrè.

A tún ń wá agboolé tó jìnnà sí títì, níbi tí a ó máa kó àwọn ọmọ sí bí ìjà bá dé. Mẹ́ta péré la tíì rí. Ẹni tó bá ní yàrá, kó rí wa lẹ́yìn àṣámù lálẹ́ òní.