Ẹ Má Bi Wọ́n Léèrè Owó Oṣù Nìkan

Ọ̀rọ̀ tí agbẹjọ́rò kan bá àwọn ọmọ Yorùbá sọ níbi ìpàdé àpérò wọn ní etí èbúté Lọ́kọ́jà



Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó tí àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ń gbà. Mo mọ ohun tó fà á. Ní ìpàdé wa tó kọjá, baba kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ dìde, ó ní òun kò ní dìbò fún ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun, nítorí pé olè ni gbogbo wọn. Àtẹ́wọ́ tí a pa fún baba yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ wó òrùlé. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé tí mo ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, mo rí i pé àwọn tí à ń bínú sí gan-an ni àtẹ́wọ́ wa ràn lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ẹnì kan tó jẹ́ aṣòfin ìpínlẹ̀ nígbà náà wá sí ọ́fíìsì mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ìpínlẹ̀ rẹ̀. Mo fi owó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, bí ọ̀rẹ́ ti ń ṣe sí ọ̀rẹ́. Kò bínú. Ó fa ìwé owó oṣù rẹ̀ yọ nínú àpò, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi, ó ní, “Lọ́yà, wò ó dáadáa. Ṣé owó tí ẹ ń torí ẹ̀ pariwo nìyí?” Mo wò ó. Kò parọ́. Owó tó wà nínú ìwé náà kò tó ohun tí ọ̀gá báǹkì kékeré kan ń gbà lóṣù. Ó ká ìwé rẹ̀ padà sápò, ó dágbére, ó wọ ọkọ̀ jíìpù tí ìjọba rà fún un, ó lọ. Eruku ọkọ̀ náà ni mo ń wò tí mo fi mọ̀ pé mo ti ṣi ìbéèrè bi.

Òfin kò fi owó oṣù aṣòfin sílẹ̀ fún aṣòfin láti gé fún ara rẹ̀. Abala 111 nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 sọ pé owó oṣù àti àjẹmọ́nú tí àjọ RMAFC bá fọwọ́ sí ni ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ yóò máa gbà. Ti ìjọba àpapọ̀ ni àjọ yìí ṣí fáráyé rí jù, nítorí náà òun ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ti aṣòfin ìpínlẹ̀ kò tó o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, alága àjọ náà kà á síta pé ₦1,063,860 ni sẹ́nétọ̀ kan ń gbà lóṣù. Owó oṣù gan-an nínú rẹ̀ kò ju ₦168,866 lọ. Àjẹmọ́nú ni ìyókù: ₦126,650 fún epo àti àtúnṣe ọkọ̀, ₦126,650 mìíràn fún àwọn ọmọ ọ̀dọ̀, ₦50,660 fún ìgbàlejò, ₦42,216 fún aṣọ, ₦25,330 fún ìwé ìròyìn, ₦422,166 fún àbójútó agbègbè tó dìbò fún un, àti àwọn kéékèèké mìíràn. (Èmi tí mò ń ra ìwé ìròyìn lójoojúmọ́ kò tíì rí bí ènìyàn ṣe lè fi ₦25,330 ra ìwé ìròyìn tán lóṣù, àyàfi bí ó bá ń ra ti aládùúgbò mọ́ tirẹ̀.)

Owó tó pọ̀ ni lójú òṣìṣẹ́ Kogí tí ìjọba fọwọ́ sí ₦72,500 fún gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 kan náà. Òṣìṣẹ́ náà yóò ṣe ju oṣù mẹ́rìnlá lọ kí ó tó rí ohun tí sẹ́nétọ̀ rí lóṣù kan. Síbẹ̀, bí ó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, n kò ní wá dúró síwájú yín.

Kò parí síbẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, Shehu Sani, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ láti Kàdúná nígbà náà, là á mọ́lẹ̀ pé yàtọ̀ sí owó oṣù, àwọn ń gba ₦13.5 mílíọ̀nù lóṣooṣù tí wọ́n ń pè ní owó ìnáwó ọ́fíìsì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Sẹ́nétọ̀ Kawu Sumaila láti Kánò sọ fún BBC lédè Haúsá pé bí a bá ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ohun tó ń wọlé fún òun lóṣù lé ní ₦21 mílíọ̀nù. Ẹ fi èyí wé ₦1,063,860. Àjọ RMAFC kò parọ́, sẹ́nétọ̀ náà kò sì parọ́. Àpò méjì ni. Èyí tí òfin mọ̀ ni wọ́n ń nà síta fún wa wò. Èkejì, tó tó ogún rẹ̀, ń gba inú ètò ìṣúná ilé ìgbìmọ̀ kọjá lábẹ́ orúkọ tí kò jọ owó oṣù rárá: ìnáwó ọ́fíìsì, ìrìn-àjò, àbójútó iṣẹ́, ọkọ̀ ìgbìmọ̀. Olùkọ́ tó ń gba ₦72,500 yóò ṣiṣẹ́ ju ọdún mẹ́rìnlélógún lọ láìjẹ láìmu kí owó rẹ̀ tó pé ₦21 mílíọ̀nù.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé àtẹ́wọ́ wa ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí a bá pariwo “owó oṣù, owó oṣù”, wọn yóò fa ìwé owó oṣù yọ, ọ̀rọ̀ yóò sì tì sí wa lẹ́nu. Nígbà tí RMAFC tún sọ ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 pé owó àwọn olóṣèlú ti kéré jù, pé láti ọdún 2008 ni wọn kò ti yẹ̀ ẹ́ wò, àpò kìíní yẹn nìkan ni wọ́n ń sọ. Bẹ́ẹ̀, ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Adájọ́ Chuka Obiozor ti Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ní Èkó ti pàṣẹ fún àjọ náà pé kí ó dín owó ọ̀hún kù kí ó lè bá ipò ọrọ̀ ajé mu.

Nínú ilé ìgbìmọ̀ tiwa, tí ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kí ni àpò kejì ní nínú? Àwọn fúnra wọn ló ń fọwọ́ sí ètò ìṣúná, tiwọn sì wà nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí abala 121 Ìwé Òfin ní ọdún 2018, tààrà ló yẹ kí owó wọn máa lọ bá wọn, kì í ṣe ọwọ́ gómìnà. Mo fara mọ́ àtúnṣe yẹn, mo sì tún fara mọ́ ọn lónìí: ilé ìgbìmọ̀ tó ń tọrọ owó bẹntiróòlù lọ́wọ́ gómìnà kò lè bi gómìnà ní ìbéèrè kankan. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá bi ilé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀? Abala 125 ní kí Olùyẹ̀wò Owó Àgbà ìpínlẹ̀ yẹ gbogbo ìwé owó wò. Lẹ́yìn náà, ta ni yóò gbé àbọ̀ rẹ̀ fún? Ilé ìgbìmọ̀ kan náà. Ajá ni a ní kó ṣọ́ ẹran, òun náà la sì ní kó wá jíṣẹ́ iye ẹran tó kù fún ara rẹ̀.

Mo fẹ́ yà bàrá díẹ̀, nítorí ibi tí a wà yìí. Gbogbo ìgbà tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn olùdíje sípò aṣòfin ìpínlẹ̀ a wá dúró létí Odò Ọya níbí, wọn a nawọ́ sí èbúté, wọn a ní àwọn ni yóò sọ ọ́ di ńlá. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Àfikún Kejì nínú Ìwé Òfin fi ọkọ̀ ojú omi àti ìrìnnà lórí Odò Ọya àti àwọn odò tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ sábẹ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan ṣoṣo. Aṣòfin ìpínlẹ̀ kò ní agbára lórí rẹ̀ ju èmi àti ẹ̀yin lọ. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni ètò ìṣúná ìpínlẹ̀: owó ilé ìwé, owó ilé ìwòsàn, owó àwọn tí omíyalé ọdún 2012 àti ti 2022 lé kúrò nílé ní ìlú yìí. Ẹni tó bá ń ṣèlérí ohun tí kò sí níkàáwọ́ rẹ̀, ó ń fi ojú yín kúrò lára èyí tó wà níbẹ̀ ni.

Àwọn kan yóò ní kí a pe aṣòfin tí kò bá ṣe dáadáa padà. Òfin gbà bẹ́ẹ̀, abala 110 ló wà fún un. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà mọ bí ó ti rí nínú ìpínlẹ̀ yìí. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn tó fọwọ́ sí ìwé náà ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò lọ, kí a tó tilẹ̀ sọ pé kí ará ìlú dìbò lé e lórí. Ní ìwọ̀-oòrùn Kogí lọ́dún 2018, ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún ni àjọ INEC rí pé ó jẹ́ òótọ́. Ní àárín gbùngbùn Kogí ní oṣù kẹrin ọdún 2025, ìdá 43.86 ni. Méjèèjì já sí asán. N kò sọ ẹni tó jàre tàbí ẹni tó jẹ̀bi níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀nà náà jìn, ó sì gba owó.

Ọ̀nà kan wà tó súnmọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí a kò rìn tó. Òfin Òmìnira Ìròyìn ọdún 2011 fún ẹnikẹ́ni ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí tó fi ń béèrè. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ wà fún yín láti lọ sílé ẹjọ́. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ ń sọ pé òfin yìí kò kan àwọn. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní ó kan gbogbo ìpínlẹ̀ pátá. Àwíjàre ti tán. Ẹ̀yin ìyá mi tí ẹ kò kàwé, òfin náà rántí yín: ẹ lè fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tí ẹ bá bá níbẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín.

Nítorí náà, kí ni kí a béèrè? Kì í ṣe owó oṣù. Ẹ jẹ́ kí a béèrè iye tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ná lórí ọ́fíìsì, ìrìn-àjò àti ọkọ̀ ní ọdún tó kọjá, àti iye tó kan ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè kan náà ni kí a gbé síwájú gbogbo olùdíje tó bá wá bá wa fún ìbò Lọ́kọ́jà kìíní àti ìkejì, láti ẹgbẹ́ yòówù kó ti wá: yàtọ̀ sí owó oṣù, kí ni ìwọ yóò máa gbà, ṣé ìwọ yóò sì máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbí ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta? Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá, ó ti dáhùn náà nìyẹn.

Mo ti kọ àpẹẹrẹ ìwé méjèèjì, ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé wa. Mo lọ kí baba olùkọ́ yẹn nílé ní ọjọ́ Àìkú. Ó kọ́kọ́ ní òun kò bá wọn ṣe mọ́. Nígbà tí mo ka ìwé náà fún un tán, ó béèrè gègé, ó tún gbólóhùn kan tí mo kọ láìdáa ṣe, ó sì buwọ́ lù ú. Orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátápátá. Ààyè ṣì wà nísàlẹ̀ rẹ̀.