Èrò Ni Tàbí Ẹrù? Ọ̀rọ̀ Fún Ẹni Tó Fẹ́ Wa Bàlúù

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Èkó àti Ìbàdàn gba Ìsẹ́yìn wá sí Ṣakí, ẹ kú ewu ọ̀nà. Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí n wá bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ̀rọ̀ lórí yíyan iṣẹ́, ẹ̀rín pa mí. Oníròyìn tó ń tọrọ owó ọkọ̀ ni yóò wá kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní iṣẹ́ tó lówó lórí? Akọ̀wé wa ní kí n ṣáà sọ èyí tí mo bá mọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ní pápákọ̀ òfurufú Ìkẹjà nítorí ìròyìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bàlúù ni mo gbé wá.

Ọmọ ilé-ìwé wa yìí kan wà, tó kẹ́yìn sétì tiwa dáadáa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ó kàwé ní Zaria, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1964. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ iye tí wọ́n ń san níbẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe owó iṣu ọdún kan. Ìyá rẹ̀ ta ilẹ̀ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, ó ta oko kajú mọ́ ọn, àwọn ẹbí sì dá èyí tó kù. Ọmọ jáde tán, ó fi ọdún méjì gbáko jókòó sílé. Àfi bí ilé-iṣẹ́ méjì ṣe pè é láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà. Ọ̀kan ń gbé èrò, èkejì ń gbé ẹrù. Àwọn tó ń gbé èrò ní kó fi dọ́là sanwó ẹ̀kọ́ irú bàlúù tí àwọn ń lò, tàbí kó tọwọ́ bọ̀wé pé òun ò ní kúrò fún ọdún márùn-ún. Àwọn tó ń gbé ẹrù ní àwọn yóò kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n òru ni iṣẹ́ àwọn. Ó pè mí lórí fóònù ní alẹ́: "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n ṣe?"

Kí n tó dáhùn, ilé ti dájọ́. Bàbá àgbàlagbà kan nínú ẹbí wọn ti béèrè pé, "Ẹrù kẹ̀? Ṣé a ta ilẹ̀ kó lè lọ máa wa lọ́rí ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Lọ́rí tí bàbá sọ yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé.

Ẹ lọ sí gáréèjì wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n bá ń di iṣu lọ sí Bódìjà. Dẹ́rẹ́bà bọ́ọ̀sì ti relé, ó ti wẹ̀, ó ń jẹun lọ́wọ́. Dẹ́rẹ́bà iṣu ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni. Òru ló máa fi rìn kí iṣu lè bá ìdájí lọ́jà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ bàlúù ẹrù. Ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ń retí rẹ̀ láàárọ̀, nítorí náà òru ni wọ́n ń fò. Páílọ́ọ̀tì ẹrù ní láti kọ́ bí a ti ń sùn lọ́sàn-án gangan, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń ké. Lọ́wọ́ kejì, iṣu kì í ṣàròyé. Mo ti rí èrò tó di òṣìṣẹ́ lọ́rùn aṣọ mú ní Ìkẹjà nítorí pé bàlúù pẹ́. Kò sí àpótí ẹrù tó jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ bi dẹ́rẹ́bà iṣu léèrè ohun tó ń bà á lẹ́rù jù. Kì í ṣe ọlọ́pàá. Yóò ní kí ẹrù má ṣáà sún ni. Ẹrù tó bá sún níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ọkọ̀ ti dojú dé nìyẹn. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹrin ọdún 2013, bàlúù ẹrù ńlá kan, Boeing 747, gbéra ní Bagram ní Afghanistan. Ọkọ̀ ogun wúwowúwo márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Bó ṣe ń gòkè ni ẹrù já, ó sá sẹ́yìn, ó ba ohun tí wọ́n fi ń darí bàlúù jẹ́ lọ́hùn-ún nídìí ìrù. Imú bàlúù kọjú sókè, ó dúró lójú òfurufú, ó sì já lulẹ̀. Àwọn méje tó wà nínú rẹ̀ kú, òṣìṣẹ́ sì ni gbogbo wọn. Èrò kan lè dìde kó lọ sí ilé ìgbẹ́, bàlúù kò ní mọ̀. Ẹrù kì í ṣe bẹ́ẹ̀ dìde lásán.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé àwọn tí kò mọṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ń fi sídìí ẹrù, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1992, Boeing 707 kan tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà gbé ẹrù láti Luxembourg, ó ń bọ̀ ní Kano. Lókè ilẹ̀ Faransé, ẹ́ńjìnnì méjì apá ọ̀tún já bọ́ kúrò lára rẹ̀. Ẹ gbọ́ mi dáadáa o, wọn ò kú lásán, wọ́n já bọ́ ni. Iná mú apá. Páílọ́ọ̀tì rọra fi ẹ́ńjìnnì méjì tó kù wá bàlúù náà dé Istres, ó sì gbé e balẹ̀. Gbogbo àwọn márùn-ún tó wà nínú rẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ láàyè. Ìgbàkigbà tí wọ́n bá ti pe páílọ́ọ̀tì ẹrù ní dẹ́rẹ́bà lọ́rí lójú mi, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún wọn.

Èwo wá ni ewu rẹ̀ kéré? Mi ò lè dáhùn ìyẹn láti oṣù kẹfà ọdún 2012. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìròyìn nígbà náà, pólì ò tíì tán lára mi. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kejì oṣù náà, bàlúù ẹrù Allied Air tó ti Èkó lọ sí Accra kọjá ibi tó yẹ kó dúró sí, ó já ọgbà, ó sì lọ gbá bọ́ọ̀sì kan lójú títì. Èèyàn 12 kú nílẹ̀, àwọn mẹ́rin tó wà nínú bàlúù yè. A ò tíì kọ ìyẹn tán tí ilẹ̀ ọjọ́ Sunday fi mọ́, tí bàlúù èrò Dana tó ń ti Abuja bọ̀ fi já lu ilé ní Ìjú-Ìṣagà. Gbogbo èèyàn 153 inú rẹ̀ ló kú, àti àwọn 6 mìíràn nílẹ̀. Ọjọ́ méjì, ẹrù àti èrò. Láti ìgbà náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí dára ju ìyẹn lọ, orúkọ ilé-iṣẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Ọ̀rọ̀ oorun tí mo fẹnu bà lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Nígbà tí Amẹ́ríkà ṣe òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 nípa wákàtí tí páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ fi sinmi, àwọn tó ń gbé èrò ló dè. Wọ́n yọ àwọn tó ń gbé ẹrù sílẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 2013, kí òfin yẹn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, bàlúù ẹrù UPS kan já nítòsí pápákọ̀ Birmingham ní Alabama kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn páílọ́ọ̀tì méjèèjì sì kú. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ka àárẹ̀ mọ́ ohun tó fà á. Bí Amẹ́ríkà bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí tiwọn, ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ fúnra yín ni kí ẹ béèrè oorun yín lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́.

Ní ti owó àti ìfọ̀kànbalẹ̀, àwọn àgbà inú wa rántí Nigeria Airways. Ní 1958 ló bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wọ aṣọ páílọ́ọ̀tì rẹ̀ wọ ìlú nígbà náà, ọba ni. Ìjọba tì í pa ní 2003, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lé owó wọn títí di 2018 kí ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ sí í san án. Àwọn kan kú dè é. Nígbà tí kòrónà dé ní 2020, bàlúù èrò jókòó sílẹ̀ títí di ọjọ́ 8 oṣù keje kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fò láàárín ilẹ̀ wa, ṣùgbọ́n bàlúù tó ń kó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn kò dúró. Lọ́dún yẹn, ẹrù ló bọ́ ọmọ. Ẹ má sì torí ìyẹn sáré. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbé ẹrù nìkan kò pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ọ̀pọ̀ bàlúù wọn sì jẹ́ ti èrò tẹ́lẹ̀ tó ti dàgbà, tí wọ́n tú àga inú rẹ̀, tí wọ́n gé ilẹ̀kùn ńlá sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń gbé èrò lọ sí Abuja tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ náà máa ń tètè kó wákàtí jọ. Ìwé-àṣẹ kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń lò. Ẹni tó bá mọ Boeing 737 tó ń gbé èrò, ó lè wa ti ẹrù, kò sí ẹni tó so ó mọ́lẹ̀.

Kí n má parọ́, èrò ni èmi kọ́kọ́ fẹ́ kí ọmọ yẹn mú. Ojú ìyá rẹ̀ ni mo ń wò. Ṣùgbọ́n mo ní kó kọ́kọ́ lọ bi àwọn òṣìṣẹ́ ibi méjèèjì léèrè ní kọ̀rọ̀: ṣé owó oṣù ń wọlé? Bí páílọ́ọ̀tì bá ní bàlúù ò yá lálẹ́ yìí, ta ló ń borí, òun ni tàbí ẹni tó lówó? Ó padà pè mí. Níbi tó ń gbé èrò, wọ́n jẹ wọ́n lówó oṣù mẹ́rin. Níbi tó ń gbé ẹrù, ọ̀gá páílọ́ọ̀tì kan kọ̀ láti gbéra lóru ọjọ́ kan nítorí bí wọ́n ṣe di ẹrù, wọ́n tú u, wọ́n tún un dì, kò sì sí ẹni tó lé e.

Ó mú ẹrù. Kò rọrùn fún un. Ìsọmọlórúkọ àbúrò rẹ̀ kọjá lójú oorun rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì ṣì ń fẹnu gbe é lọ́jà pé "ọmọ mi ń wa bàlúù", láìsọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó yẹ kó wà níbí lónìí, àmọ́ òun ló ń fò lálẹ́ òní. Ó fi iṣẹ́ rán mi sí olùkọ́ wa tó kọ́ wa ní físíìsì, tó jókòó lápá òsì yẹn. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ sà, pé ìṣirò pákó àti òkúta tẹ́ ẹ fi nà wá ní fọ́ọ̀mù kẹrin, èyí tí a ní kò wúlò, pé òun ló máa ń ṣe lóròòru kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn bàlúù.

Ẹ̀yin ọmọ tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ wá bá mi lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn oúnjẹ.