Kèké Inú Fóònù

(Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ wa sọ ní Etioro-Àkókó)

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ dàbí ọ̀rọ̀ ọmọdé, nítorí inú fóònù ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ òdodo ni, ó sì kan àgbà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí a ń kọ́ ní iṣẹ́ olùkọ́ ṣe áàpù kékeré kan sínú fóònù rẹ̀, kí ó lè máa yan ọmọ tí yóò dìde dáhùn ìbéèrè, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí pé olùkọ́ ní ààyò. Ọmọ 40 ni ó wà nínú kíláàsì náà. Fún odindi sáà kan, a kò gbọ́ ohùn ọmọ tí orúkọ rẹ̀ kẹ́yìn nínú ìwé. Ọmọ náà kò yadi. Fóònù ni kò pè é.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú èdè Dart, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kọ áàpù, bí a bá kọ Random().nextInt(40), fóònù yóò mú iye odidi kan láti 0 dé 39. Iye 40 ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n 40 fúnra rẹ̀ kò sí nínú wọn. Ìwé orúkọ olùkọ́ sì bẹ̀rẹ̀ láti 1. Bí 0 bá jáde, ẹ̀rọ a tún mú òmíràn; 40 kò sì lè jáde láéláé. Àtúnṣe rẹ̀ kò ju pé kí a fi 1 kún iye tí ó bá jáde.

Àwọn baba wa mọ èyí kí fóònù tó dé. Ọjà tí a ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ 4 péré ni a fi ń ti ọjọ́ ọjà kan dé èkejì. A pè é ní 5 nítorí pé a ka ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ọjọ́ ìparí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin ààlà: yọ iye ìbẹ̀rẹ̀ kúrò nínú iye ìparí, kí o sì fi 1 kún un. Láti 5 dé 12, iye 8 ni, kì í ṣe 7. Àwọn èdè ẹ̀rọ kò sì fi ohùn ṣọ̀kan lórí èyí. Nínú Kotlin, (1..40).random() ka 40 mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Random.nextInt(1, 40) fi 40 sílẹ̀ lóde. Nínú Swift, 1...40 gbà á wọlé, 1..<40 sì tì í síta. Àmì kékeré kan ni ó wà láàrín ẹni tí a pè àti ẹni tí a kò pè.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Òjíṣẹ́ ìjọ ni wá, a kì í dá Ifá. Ìṣirò inú rẹ̀ ni a ń wò, bí a ti lè wo kèké tí àwọn Àpọ́sítélì ṣẹ́ nígbà tí a yan Mátíásì. Ìlàjì èso 8 ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀, 4 ní ọ̀tún, 4 ní òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dojú dé. Bí a bá fi 2 ṣe ìlọ́po ara rẹ̀ títí yóò fi pé ibi 8, a ó rí 256, èyí tí í ṣe iye odù. Wàyí o, bí ènìyàn 10 bá fẹ́ pín 256 yìí, 25 ni ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, 6 sì ṣẹ́kù. Bí ẹni tí ó kọ áàpù bá fi 6 náà fún àwọn 6 tí ó ṣáájú, wọ́n ní ọ̀nà 26, àwọn 4 tí ó kẹ́yìn sì ní 25. Kò sí ẹni tí ó purọ́, síbẹ̀ ìrẹ́jẹ ti wọlé. Ọ̀nà òtítọ́ ni pé, bí ọ̀kan nínú 6 tí ó ṣẹ́kù bá jáde, kí a dà á nù, kí a sì tún kèké ṣẹ́.

Ohun kẹta ni pé fóònù kì í ju nǹkan sílẹ̀ bí babaláwo. Ìṣirò ni ó ń ṣe. Ní 1949, D. H. Lehmer ará Amẹ́ríkà ṣàlàyé ọ̀nà kan: mú iye kan bí irúgbìn, sọ ọ́ di ìlọ́po, pín in, kí o sì mú àṣẹ́kù. Ẹ gbin 1, ẹ máa fi 3 ṣe ìlọ́po rẹ̀, ẹ máa fi 7 pín in: àṣẹ́kù yóò jẹ́ 3, 2, 6, 4, 5, 1, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó mọ irúgbìn mọ ohun tí yóò hù. Fún eré ọmọdé, kò burú. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn owó tàbí ilẹ̀, Random.secure() ti Dart tàbí SecureRandom ti Java ni kí a lò, nítorí a ṣe wọ́n kí ó lè ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti mọ èyí tí ń bọ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fóònù wá síwájú yín láti pín ìsọ̀ ọjà, tàbí láti yan ọmọ tí ìlú yóò rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, ẹ má kọ̀ ọ́, ẹ má sì gbà á láìbéèrè. Ẹ bi í pé: Níbo ni kèké yìí ti bẹ̀rẹ̀, níbo ni ó sì parí sí? Kí ni a fi àṣẹ́kù ṣe? Ta ni ó mọ irúgbìn rẹ̀? Ojú ni alákàn fi í ṣọ́rí. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹni tí ó kẹ́yìn nínú ìwé wa di ẹni tí a kò pè.