Àlejò Kékeré Tí Ń Fò Lórí Oko Wa

Nígbà tí òjò bá ti dá, tí a ti kórè àgbàdo, tí ọyẹ́ sì ń múra àti dé, àgbẹ̀ tí ó bá gbójú sókè ní oko gbalasa yóò rí alápàńdẹ̀dẹ̀ tí ń fò síwá sẹ́yìn, tí ń gbé kòkòrò mì nínú afẹ́fẹ́. Bí a bá ń sun igbó, wọn a péjọ sí etí iná, nítorí kòkòrò tí èéfín ń lé jáde.

Kì í ṣe gbogbo wọn ni ọmọ ilẹ̀ yìí. Àwọn kan ń fi amọ̀ kọ́ ìtẹ́ sí abẹ́ òrùlé wa. Onílé ni ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀fun rẹ̀ pọ́n bí ẹni pé a fi osùn kùn ún, tí ọ̀já dúdú gba àyà rẹ̀ kọjá láìjá, tí ìrù rẹ̀ gùn tí ó sì là sí méjì, àlejò ni. Ilẹ̀ Yúróòpù ni ó ń pamọ sí, aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó sì fò kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, a padà lọ.

Báwo ni a ṣe mọ̀? Láyé àtijọ́, àwọn ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan gbà pé ìsàlẹ̀ omi ni ẹyẹ yìí ń sùn sí nígbà òtútù! Ní oṣù May 1911, ní Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, John Masefield fi òrùka irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sí ẹsẹ̀ alápàńdẹ̀dẹ̀ kan. Nọ́mbà àti àdírẹ́sì ìlú Lọ́ńdọ̀nù wà lára rẹ̀. Ní oṣù December 1912, a mú ẹyẹ náà nínú ilé oko kan ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Ìrìn nǹkan bí 6,000 máìlì ni. Àwọn tí ó rí òrùka náà kò sọ ọ́ nù; a kọ lẹ́tà sí Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́tà kan ṣoṣo yìí sì yanjú ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń jiyàn lé lórí.

Ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn àlejò yìí a máa sùn nínú eèsún lórí òkè. Àwọn onímọ̀ ti fojú díwọ̀n wọn tó 1,500,000, àwọn ará ibẹ̀ sì ti ń fi àtè mú wọn jẹ rí.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá rí ẹyẹ tí ó ní òrùka lẹ́sẹ̀, kí ó má ṣe fi í ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Bí ẹyẹ náà bá wà láàyè, kí ó da nọ́mbà àti ọ̀rọ̀ tí ó wà lára òrùka kọ, kí ó sì jẹ́ kí ó máa fò lọ pẹ̀lú òrùka rẹ̀. Bí ó bá ti kú, kí ó bọ́ òrùka náà pa mọ́. Kí ó kọ ọjọ́, orúkọ abúlé àti bí a ṣe rí i, kí ó fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tí ó wà níbẹ̀, tàbí kí ó mú un tọ òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn lọ. Ẹni tí kò mọ̀wé lè bẹ tíṣà abúlé kí ó bá a kọ ọ́.