Aṣọ Agbẹjọ́rò

Aṣọ agbẹjọ́rò wà lára àwọn aṣọ iṣẹ́ tí òfin rẹ̀ le jù ní Nàìjíríà. Ní ilé-ẹjọ́ gíga, agbẹjọ́rò ní láti wọ aṣọ dúdú, kí ó so bánńdì funfun mọ́ ọrùn, kí ó gbé gáùn dúdú lé e, kí ó sì dé wíìgì tí wọ́n fi irun ẹṣin ṣe. Bí ọ̀kan bá dín nínú wọn, adájọ́ lè sọ pé òun kò rí i, bó tilẹ̀ dúró gbagidi níwájú rẹ̀. Ẹjọ́ á wá di ìdádúró. Oníbàárà tó wọkọ̀ láti abúlé kò yẹ kó jìyà nítorí bánńdì tí agbẹjọ́rò rẹ̀ gbàgbé sílé.

Lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni àṣà yìí ti wá. Láti 2008 ni àwọn adájọ́ tiwọn ti pa wíìgì tì nínú ẹjọ́ tí kì í ṣe ti ọ̀daràn. Nàìjíríà ṣì ń dé e nínú ooru.

Òfin ìwà agbẹjọ́rò kò gbà kí agbẹjọ́rò wọ gáùn nígbà tó bá ń rojọ́ ara rẹ̀ tàbí tó ń jẹ́rìí. Èyí bọ́gbọ́n mu, torí pé lọ́jọ́ náà, ará ìlú lásán ni.

Ní oṣù Kejìlá 2017, wọ́n dá obìnrin kan padà níbi ayẹyẹ ìgbani-wọlé àwọn agbẹjọ́rò ní Àbújá nítorí híjáàbù tó wọ̀ sábẹ́ wíìgì. Ní oṣù Keje 2018, wọ́n gbà á wọlé pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀. Ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe.