ÀÀLÀ AGBÁRA GÓMÌNÀ NÍ ÀKÓKÒ PÀJÁWÌRÌ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ní Ìdí-Ìrókò

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí agbára Rẹ̀ nìkan ṣoṣo kò ní ààlà. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábà rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, pàápàá jùlọ ẹ̀yin ọ̀dọ́, ìbéèrè kan ni a fẹ́ dáhùn lónìí: bí wàhálà bá dé bá ìlú, ǹjẹ́ gómìnà ní ẹ̀tọ́ láti dá òfin dúró kí ó sì máa ṣe bí ó ti wù ú? Àwa tí a ń gbé ẹnu ibodè mọ̀ pé ohunkóhun tí ó bá ní ààlà, ó ní ibi tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni agbára alákòóso.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999. Abala 305 sọ pé Ààrẹ ni ó lè kéde ipò pàjáwìrì. Gómìnà kò lè dá a kéde. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó bẹ Ààrẹ, lẹ́yìn tí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá ti fọwọ́ sí i. Ìkéde Ààrẹ pàápàá yóò di asán bí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kò bá fọwọ́ sí i láàárín ọjọ́ 2 nígbà tí wọ́n bá wà lórí ìjókòó, tàbí ọjọ́ 10 nígbà tí wọn kò bá sí níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù 6, ó parí, àfi bí àwọn aṣòfin bá sún un síwájú. Abala 45 gbà pé òfin lè dín òmìnira kù nítorí ààbò tàbí ìlera ará ìlú, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ohun tí ọ̀ràn náà béèrè lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé inú ìwé lásán ni èyí wà. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ilẹ̀ wa. Ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú Ilé Aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ní Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 29, Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ kéde pàjáwìrì, a sì yan Dókítà Moses Majẹ́kódùnmí láti máa ṣàkóso gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn, tí agbègbè wa yìí wà nínú rẹ̀. Ó pàṣẹ pé kí Olóyè Rótìmí Williams, àgbà agbẹjọ́rò, má ṣe kọjá máìlì 3 sí ilé rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Williams kò gbé àdá, kò sì kó jàǹdùkú jọ. Ilé-ẹjọ́ ni ó lọ. Ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ti Àpapọ̀ sì dájọ́ pé àṣẹ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí kò sí ìdí tí ó tó láti fi dè é mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé pàjáwìrì ṣì wà lórí ìlú nígbà tí a dá ẹjọ́ náà. Pàjáwìrì kò pa ilé-ẹjọ́ lẹ́nu mọ́.

Ti ọdún 2020 ṣojú gbogbo yín. Nígbà àrùn kòrónà, Ààrẹ Bùhárí fi Òfin Ìyàsọ́tọ̀ ọdún 1926 pàṣẹ kónílé-ó-gbélé ní Èkó, Abùjá àti Ògùn. Gómìnà wa bẹ̀bẹ̀ kí a sún ti Ògùn sí ọjọ́ 3 oṣù kẹrin. Ìrun Jímọ̀ dúró, a sì gbà, nítorí ẹ̀mí ènìyàn ni a ń ṣọ́. Òfin 1926 náà sọ ìyà ẹni tí ó bá rú u: owó ìtanràn 200 náírà, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6, tàbí méjèèjì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún, gómìnà Ìpínlẹ̀ Rivers, Nyesom Wike, mú kí a wó hòtẹ́ẹ̀lì méjì lulẹ̀ ní Eleme lórí ẹ̀sùn pé wọ́n rú òfin, láìjẹ́ pé ilé-ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí a ní kí ó wá fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu.

Ẹ fi èyí wé ti Sàyyídínà Umar. Ní ọdún ọ̀dá, nǹkan bí ọdún kejìdínlógún lẹ́yìn Hijra, ó dá gígé ọwọ́ olè dúró nítorí ebi ń pa àwọn ènìyàn. Òun fúnra rẹ̀ kò jẹ bọ́tà títí ará ìlú fi rí jẹ. Òfin tí ó dá dúró sọ ẹrù tálákà di fúyẹ́. Kò fi kún agbára rẹ̀. Àwọn onímọ̀ wa sì kọ́ wa pé bí ìnira bá ti mọ ni ìyọ̀ǹda rẹ̀ ń mọ. Bí ìnira bá lọ, ìyọ̀ǹda náà lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí a bá pàṣẹ pàjáwìrì, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Èkíní, ta ni ó pàṣẹ, òfin wo ni ó sì fún un ní agbára? Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nígbà tí a sọ pé kí epo bẹntiróòlù má ṣe dé ilé epo tí kò tó kìlómítà 20 sí ibodè, Aṣọ́bodè tí í ṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó pàṣẹ. Ẹni tí ó lọ ń bú gómìnà ní Abẹ́òkúta kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe ti onílé. Èkejì, ọjọ́ wo ni yóò parí? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ó mọ níwọ̀n ohun tí a ń sá fún?

Bí ìdáhùn bá dára, ẹ tẹ̀lé e, kí ẹ sì gba àwọn ẹlòmíràn níyànjú. Bí kò bá dára, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ tọ aṣòfin yín lọ, ẹ wá agbẹjọ́rò. Ẹ má dáná sun ọkọ̀, ẹ má sì lu òṣìṣẹ́ tí a rán níṣẹ́. Agbára pàjáwìrì, ohun àyálò ni. Ẹni tí ó yá àdá lọ́wọ́ wa láti fi gé igi tí ó dí ọ̀nà gbọ́dọ̀ dá a padà nígbà tí ọ̀nà bá là, àwa tí a yá a ni a ó sì béèrè rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun fi àwọn alákòóso wa mọ̀nà, kí Ó sì fún wa ní ìmọ̀ tí a ó fi máa sọ òdodo fún wọn.